Máàkì Tí Ẹ̀rọ Apá Ń Fún Mi

Ọmọ mi, kí n tó kí ẹ rárá, jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn, torí mo mọ ara mi, bí mo bá kọ́kọ́ kí ẹ, màá kí ẹ títí bébà yóò fi kún. Àbúrò rẹ ní òun fẹ́ kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ó ní òun kò fẹ́ fojú kan físíìsì mọ́, àti pé ìṣirò ti sú òun. Láti ìgbà tó ti sọ ọ́, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi, bí mo bá sì jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ, ọwọ́ ara mi ni mo ń rán.

Ó yá, mo kí ẹ o. Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, àwọn ọmọ rẹ á sì máa mú ẹ rẹ́rìn-ín bí ìwọ náà ṣe ń mú mi rẹ́rìn-ín. N kò lè pè ẹ́ torí pé fóònù tí o rà fún mi kọ ọ́ sójú pé inú òun ti kún. Ó yà mí lẹ́nu, yàtọ̀ sí fọ́tò àwọn ọmọ rẹ, n kò fún un ní nǹkan kan jẹ. Mo ti pa á, ó ń sinmi nínú dúrọ́ọ̀, bí èyí tó jẹ bá ti dà, màá pè ẹ́.

Ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ apá tí o fi ránṣẹ́, ọjọ́ tó dé la ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ó fún mi ní ọgọ́jọ ó lé. Inú mi dùn, torí mo jáde ilé ìwé girama lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí tíṣà tó fún mi ní ọgọ́rùn-ún rí, ká má tíì sọ ohun tó jù ú lọ. Ti Bàbá yín kéré dáadáa sí tèmi, mo ní kí wọ́n lọ múra sí i, ó sì dùn wọ́n. Ọjọ́ kejì ni mo yọjú lójú fèrèsé tí mo rí wọn tí wọ́n ń sáré yí ilé ká pẹ̀lú sílípáàsì, wọ́n wá wọlé jókòó ti ẹ̀rọ, wọ́n ń mí hẹlẹ. Máàkì wọn gòkè, wọ́n ní kí n yé fojú tín-ín-rín wo àwọn. Orí máa ń fọ́ mi lásìkò náà, ojú mi a sì máa ṣú, ṣùgbọ́n mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe àwọn tí ìwé wọn pọ̀ nìyẹn.

Ibi tí a ti ń du ipò kìíní ni àbúrò rẹ ti dé bá wa láti ilé ìwé fún ìsinmi. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Màámi, èyí kì í ṣe máàkì o, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó fà mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà, ó ní kí n fi àtàńpàkò dí ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Omi náà tú jáde pẹ̀lú agbára, Bàbá yín ló bà. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti iṣan mi lójoojúmọ́ nìyẹn, àti pé rọ́bà tí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí á bẹ́. Kíláàsì tó fẹ́ sá kúrò níbẹ̀ yìí náà ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Kò jẹ́ kí n pààrọ̀ aṣọ tó fi mú mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ tirẹ̀ wò mí, ó ní ta ló mú Màmá wá, ó ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí. Nígbà tí wọ́n fún mi lóògùn, Bàbá yín ní kí n kó gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan kó lè yá. Àbúrò rẹ mú pẹ́ńsùlù, ó ṣírò fún wọn bí oògùn ṣe ń dín kù nínú ara kí òmíràn tó dé, títí wọ́n fi ní ó ti yé àwọn. Ara ti ń tù mí báyìí. Máàkì mi ń já wálẹ̀, èmi sì ń yọ̀.

Irú ọmọ yìí ló ní orí òun kò gbé e. Tíṣà ìṣirò ló pè é síwájú pátákó, ó ṣì í, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá Òdo. Ó bi mí pé ṣé dandan ni kí òun di dókítà ni. Mo ní rárá, bó bá wù ú kó di aránṣọ bíi tèmi. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó má ṣe sí ẹni tí yóò gbé nọ́ńbà kan síwájú rẹ̀, tí yóò fi máa yọ̀ sí ohun tó yẹ kó sá fún bí mo ti ṣe. Nọ́ńbà wà lára oògùn, ó wà lára agolo wàrà, ó wà lẹ́nu àwọn tó ń polówó ọjà lórí rédíò. Èmi lè kà á, n kò mọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀rọ̀ tìẹ ló máa gbọ́. Kò mọ̀ pé ìwọ náà gbórí lé itan mi nínú ilé yìí, tí o sunkún títí lórí áljẹ́bírà, pé Ọlọ́run kò fún ẹ lọ́pọlọ. Lónìí, wọ́n ń sanwó fún ẹ láti máa wo omi nínú gíláàsì. N kò tíì mọ ohun tí ẹ ń wá nínú omi tó ti mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé torí pé ẹ wò ó ni gbogbo ìlú ṣe ń fi ọkàn balẹ̀ mu ún. Sọ ti ẹkún náà fún un, má bò ó.

Bí ọwọ́ rẹ bá tẹ nǹkan, fi owó ọkọ̀ tí màá fi máa lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ránṣẹ́, àti bátìrì ẹ̀rọ, eré ìje Bàbá yín ti jẹ ẹ́ tán. Ayé á yẹ ẹ́, o ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé ni wọ́n máa yan kíláàsì, nítorí náà jọ̀ọ́, tètè kọ̀wé padà, orúkọ rẹ̀ ni kí o sì kọ sí ẹ̀yìn àpò ìwé, má kọ tèmi.