Òrùka Tó Ń Dán Lára Èèpo Ọta

Sátidé, 14 Oṣù Kẹwàá
Èèpo ọta ìbọn mẹ́ta tún sán lẹ́nu — bí èèpo ẹ̀pà. Ìgbà kọkànlá rèé tí mo ń ki ẹ̀tù tuntun sínú wọn. Verle ọkọ mi kì í sọ èèpo idẹ nù nígbà ayé ẹ̀. Èmi náà ò ní sọ ọ́ nù.

Ọjọ́ Ajé, 16
Mo fi iná ra ẹnu wọn kí idẹ lè rọ̀. Clete tó ń ta nǹkan ọdẹ ní ìgboro ní, "Ìyá Lorna, idẹ náà máa ń darúgbó o. Ẹ ra tuntun." Mo ní ta ló bi í léèrè ọjọ́ orí. Mi ò rà.

Ọjọ́rú, 18
Ẹnu kò sán mọ́. Èmi náà nìyẹn! Ogún ọta, mo kó wọn fún Lorna, ọmọ mi kan ṣoṣo. Ojú mi ò ríran jìnnà mọ́, òun ló ń bá mi pa àgbọ̀nrín tí a ó jẹ ní ìgbà òtútù.

Sátidé, 21
Òní ni ìjọba ṣí ìgbẹ́ fún ọdẹ. Lorna ti gun òkè láti ìdájí.
Mo ń nu àwọn èèpo tó kù lójú fèrèsé. Mo rí òrùka tín-ín-rín kan, ó ń dán, nítòsí ìdí. Mo tẹ wáyà, mo fi ha inú èèpo láti mọ̀ bóyá idẹ ti fẹ́ já níbẹ̀. Ó kọ́. Òmíràn — ó kọ́. Gbogbo wọn! Ẹnu ni mo ń tún ṣe, ìdí ló ń já. Bó bá já nínú ìbọn, iná á tú sójú ẹni tó ń yìn ín.
Fóònù ò wọ orí òkè. Lorna ló gbé ọkọ̀ lọ. Mo rìn dé géètì, mi ò lè gun òkè mọ́.
Ìbọn kan dún lókè. Kò sí ìkejì.

Ọjọ́ yẹn kan náà, ìrọ̀lẹ́
Ó dé. Ojú ẹ̀ pé. Ẹ̀jẹ̀ ẹran ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo dì mọ́ ọn, mo ń yára sọ̀rọ̀ — òrùka, wáyà. Ó ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò yin ọta yín." Mo ní, "Lónìí nìkan ni àbí?"
Ó ṣí abẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Páálí ọta mẹ́fà, ìkọ̀wé mi lórí wọn, ọdún mẹ́fà. Kò sí ọta kan tó dín. Ti ṣọ́ọ̀bù ló ń yìn látìgbà tí bàbá ẹ̀ ti kú. Bí mo bá sì béèrè èèpo, á sọ fún mi pé wọ́n bọ́ sínú yìnyín.

Sọ́ńdè, 22
Mo fi àlùbọ́sà dín ẹ̀dọ̀ ẹran náà. Lorna jẹ, ó ní ó dùn. Mi ò lè gbé e mì.