Afẹ́fẹ́ Tó Wà Lára Arìnrìnàjò

                                                            Southmere,
                                                            Thamesmead,
                                                            London.
                                                            Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Moráyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ìrìn o. O kú ewu ọkọ̀ òfuurufú, o kú oòrùn Madeira, o kú ìgbádùn tí à ń fi ojú jẹ lórí fóònù. Fọlárìn ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ó ń se oúnjẹ jẹ bí o kò ṣe sí nílé? Ẹwàọlá ọmọ wa ńkọ́? Mummy ní Ìkòròdú ńkọ́, ṣé ara wọn ti mókun? Tèmi náà ń lọ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, a dúpẹ́.

Wàá ní kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí wọ́tsáàpù wà. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn fọ́tò yẹn wà, mi ò sì fẹ́ débẹ̀ mọ́. Lóṣù karùn-ún, ìwọ àti Lọ́lá ní Istanbul. Lóṣù kẹjọ, ìwọ àti Lọ́lá ní Accra. Báyìí ẹ tún dé irú fìlà kan náà létí òkun ní Madeira. Ta ló gbà ọ́ sílé nígbà tí o dé London, tí o ń sọnù ní Powis Street? Ṣé Lọ́lá ni? Mò ń jowú, Moráyọ̀. Mi ò ní fi bò.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìrìnàjò yín ni Lọ́lá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Auntie mi, a ti ń wo flight Zanzibar fún December o! Moráyọ̀ ní ká má wulẹ̀ disturb yín, pé ẹ̀yin always on shift.” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Ọlọ́run á mú yín lọ, á mú yín bọ̀.

Inú owú yìí ni mo wà tí mo fi yà ní ṣọ́ọ̀bù Irfan, ọkùnrin tó ń ta òróró àti ewé nítòsí ọjà Woolwich. Ará Kerala ní Íńdíà ni, ó sì kọ́ Ayurveda, ọgbọ́n ìwòsàn àtijọ́ ilẹ̀ wọn. Mo ti kà á níbì kan pé Ayurveda ò fẹ́ ìrìnàjò àrìnjù, inú mi sì dùn dé eegun. Mo fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí n lè fi dẹ́rù bà ọ́. Mo ní mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbélé.

Ó ní afẹ́fẹ́ kan wà lára olúkúlùkù, vata ni wọ́n ń pè é, òun ló ń mú gbogbo nǹkan inú ara rìn. Béèyàn bá ń rìn jù, tó ń sùn síhìn-ín, tó ń jẹ sọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ náà á pọ̀ kọjá ààlà. Ìsó ni mo rò pé ó ń sọ! Mo ní ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, pé èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti jọ gbé yàrá kan rí. Irfan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní rárá o: awọ ara á gbẹ, ìgbẹ́ á le, oríkèé á máa ró, oorun á jìnnà, ọkàn ò sì ní balẹ̀. Mò ń mi orí, mò ń rí ọ níbẹ̀ kedere.

Àfi bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé báàgì mi tí orúnkún mi ró gbàù. Ó wo ọwọ́ mi tó gbẹ, tó funfun. Ó bi mí pé ìlú wo lèmi alára ti ń bọ̀. Mo ní mi ò lọ síbì kankan, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Ó ní kí n ṣàlàyé. Mo ní mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì 472 ní ìdájí lọ wẹ ìyá kan ní Plumstead, kí n tó lọ fún bàbá kan lóúnjẹ ní Abbey Wood, kí n tó dé Erith, kí n tó padà sí Woolwich, inú bọ́ọ̀sì sì ni mo ti ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní ara ò mọ bọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ọkọ̀ òfuurufú, ìrìn ni ìrìn ń jẹ́. Ó ní èmi gan-an ni arìnrìnàjò náà. Ẹni tó da eérú leérú kúkú ń tọ̀.

Ó ní kí n máa fi òróró yànmọ̀tí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ para kí n tó wẹ̀, kí n máa mu omi gbígbóná tí atalẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí n máa jẹ oúnjẹ gbígbóná lásìkò, kí n sì sinmi. Mi ò mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ lòótọ́, màá ṣì jẹ́ kí dókítà yẹ orúnkún yìí wò, ṣùgbọ́n oorun ti ń kùn mí díẹ̀díẹ̀. Mo ra ìgò kan fún ìwọ náà. Mo fẹ fọ́tò etí òkun yẹn lójú dáadáa, ètè rẹ ti ń bó.

Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe pé o ń lọ ló dùn mí. O bá mi dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi mí, pé mi ò ní ráàyè. Mo ti gba ìsinmi lóṣù Kejìlá, ọ̀gá mi ti fọwọ́ sí i. Ẹ wá àyè mi sínú ọkọ̀ Zanzibar yẹn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo fẹ́, kí ìwọ jókòó tì mí, kí Lọ́lá wá ibì kan jókòó sí.

Bá mi kí Fọlárìn àti Ẹwàọlá. Tí o bá pe Mummy, ní mo kí wọn o. Kí Lọ́lá náà, ṣùgbọ́n má kí i jù. Àìsàn arìnrìnàjò ti mú mi ná, Moráyọ̀. Ó kù kí n rí ìrìnàjò náà lọ.

Èmi ni tìrẹ kí Lọ́lá tó dé,
Àbẹ̀bí.