Orúkọ Sàídì Nínú Àwo Sákárà

Ilé Aránfìlà,
Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, 1961.

Ọláyíwọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ṣé òtútù Jọ́ọ̀sì kò tíì sọ yín di yìnyín? Àwa ń bẹ láàyè níhìn-ín, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

O bèèrè pé kí ni a ń wò, kí ni a ń gbọ́ nílé báyìí. Fíìmù Íńdíà ló gbòde. Mo lọ wo ọ̀kan. Ìyá ọkùnrin kan kú, ó rọ̀ mọ́ igi, ó ń kọrin. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè náà nínú wa, síbẹ̀ àwọn obìnrin ń nu ojú nù. Ti kábọ́ì sàn díẹ̀, àmọ́ ọta ìbọn wọn kì í tán, ẹṣin sì gbọ́n ju ẹni tó gùn ún lọ.

Mo ti wo tẹlifíṣàn náà, lójú fèrèsé olówó kan ní Òkè Bọ́lá. Ọrùn dùn mí. Ọkùnrin kan wọ táì, ó ń ka ìròyìn bí ẹni ń bá ọmọ wí. N kò rí ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí.

Ní ti orin, àpàlà dára nígbàkigbà. Sákárà ní tirẹ̀, oorun ló máa ń kùn mí. O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Sàídì láìmọye ìgbà, nítorí olórin sákárà kan yìn ín nínú àwo, ó sì dárúkọ rẹ̀ ketekete. Àwo yẹn kì í kúrò lórí giramafóònù.

Sàídì ti kú, mo ti kọ ọ́ sí ọ tẹ́lẹ̀. Ohun tí n kò kọ ni ti Kúlúsúmù, ìyàwó rẹ̀, tí oyún oṣù mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ rẹ̀, kò sunkún. Bí a bá gbé oúnjẹ fún un, á tọ́ ọ wò, á gbé e tì. Àwọn ìyá ilé ń bẹ̀rù pé a ó pàdánù òun àti oyún náà. Ohun kan ṣoṣo tó tẹnu rẹ̀ jáde ni pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ àwo yẹn. Bàbá wa, Alùfáà Gàfárù, ní a kì í kọrin nílé opó, ó sì ti giramafóònù mọ́ yàrá rẹ̀. Bàbá alára kò sunkún. Ó ní kádàrá ni.

Eunice, aládùúgbò wa tó ń ta búrẹ́dì, ní asọ̀rọ̀mágbèsì lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń yí i sílẹ̀ nítorí ọ̀fọ̀ wa. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Kí ó tó sáré dé, sákárà ti gba àdúgbò: "Sàídì ọmọ Gàfárù ní Bẹyẹrúnkà, ọjọ́ rẹ á dalẹ́. O ò ní í ṣáájú bàbá tó bí ọ."

Bàbá wà lórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ó ní, "Àmín."

Bí gbogbo wa ti ń ṣe é náà ni. Àdúrà kì í kọjá létí wa kí a má ṣàmín. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú kí ó tó rántí. Ọwọ́ náà kò sì kúrò lójú mọ́. Kúlúsúmù figbe ta nínú yàrá: "Yéè! Bàbá, Sàídì ti ṣáájú yín o!" Ẹkún tó ti há sí i nínú láti ọjọ́ yìí wá bú jáde. Eunice sáré dé, ọṣẹ lọ́wọ́, ó fẹ́ pa ẹ̀rọ náà. Bàbá ké sí i pé, "Ọmọ mi, má pa á. Jẹ́ kó kọ ọ́ tán." Òun náà ń sunkún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Kúlúsúmù mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì tún bèèrè. Ó ti ń jẹun láti ìgbà náà. Sákárà ṣì ń mú oorun kùn mí, n kò ní í purọ́ fún ọ. Àmọ́ ikú Sàídì dùn mí, ọ̀rẹ́ mi, ó dùn mí gan-an ni.

Ọlọ́run yóò dá ọ padà wálé láyọ̀. Ọmọ ni yóò sin ọ́, ìwọ kò ní í sin ọmọ. Ṣàmín lọ́hùn-ún.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Yésúfù.

Mo fẹ́ gbàgbé: Bàbá ní bí o bá rí irú àwo náà ní Jọ́ọ̀sì, kí o bá òun rà á ránṣẹ́. Tiwa ti ha. Ibi orúkọ Sàídì gan-an ló ti ha, nítorí ibẹ̀ ni Bàbá máa ń gbé abẹ́rẹ́ padà sí.