Òdòdó Ìgbéyàwó Mi Ti Tanná

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àfojúsọ́nà. Ara mi le ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Àwọn òdòdó tí mo fúnra mi gbìn fún ìgbéyàwó mi ti tanná, pupa àti yẹ́lò, lásìkò tí mo ṣírò rẹ̀ sí gẹ́lẹ́. Bí a kò bá gé e, á gbó, igi rẹ̀ ò sì ní yọ òdòdó mọ́, nítorí náà mò ń gé e láràárọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ló kún nílé. Bí mo bá jókòó báyìí, màá tún dìde lọ gé òmíràn.

Ẹ bèèrè ọkọ ìyàwó. Tìmílẹ́hìn wà, iṣẹ́ ló dí i lọ́wọ́, kò ráyè gbé fóònù. Mo ti dé ilé rẹ̀ ní Ìkòròdú lẹ́ẹ̀mejì. Yàrá rẹ̀ ṣófo, onílé ń kùn ún ní ọ̀dà. Bóyá wọ́n ń tún un ṣe dè mí ni.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Abraham. Ọkọ̀ ojú omi tó fọ̀ dè yín fún ọjọ́ ìgbéyàwó, tó sọ pé òórùn ẹja ò gbọdọ̀ bá yín dé èbúté Ipakodo ní Ìkòròdú, ẹ ní kó ṣì máa fi pẹja lọ ná.

Èmi Abigail yín.