Ewéko Òkun Nínú Abọ́ Ọmọ Mi

Bàbá mi àtàtà,

Láti ọjọ́ Àìkú ni ọkàn mi kò ti balẹ̀, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún. Rùkáyà, ọmọ mi tó ń kàwé ní ilẹ̀ Japan, wálé sí Ṣakí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Oyún rẹ̀ ni mo ní nígbà tí ẹ fi ayé sílẹ̀.

Ó kó ewéko òkun bọ̀ nínú ọ̀rá kan, gbígbẹ, dúdú bí ewé tíì. Ó ní òun fẹ́ fi ṣe sàláàdì fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ló dà sínú omi. Kí n tó fọ abọ́ méjì tán, ewé náà ti wú, ó kún abọ́, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Àyà mi já. Bàbá, ohun tó ń wú bẹ́ẹ̀ nínú omi, kí ni yóò ṣe nínú ikùn ènìyàn?

Ṣé ẹ rántí iṣu igbó tí a hú lóko Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, lọ́dún tí oúnjẹ wọ́n? Ẹ kò jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin nìkan lẹ jẹ ẹyọ kan, ẹ jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mì, ẹ ní ká dúró di ìrun Alásárì, ká wo ohun tí yóò ṣe yín. Àkókò ìrun kò tíì tó tí ètè yín ti wú, tí ẹ ń bì. Màámi da ìkòkò nù. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà, mo di ẹsẹ̀ yín mú, mo rò pé ẹ ń kú lọ ni. Títí di òní, bí mo bá rí oúnjẹ tí n kò mọ̀, ètè yín ni mo ń rí.

Rùkáyà fún omi inú ewé náà dànù, ó gé e mọ́ kùkúmbà, ó bu fínígà, omi ẹ̀wà sóyà dúdú oníyọ̀, ṣúgà díẹ̀ àti òróró yànmọ̀tí sí i. Ó yan yànmọ̀tí díẹ̀, ó wọ́n ọn lé e lórí. Mo ní kò gbọdọ̀ tíì jẹ ẹ́ o. Mo bu síbí kan. Ó kan, ó níyọ̀. Mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń fọwọ́ kan ètè mi.

Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ó ti ń jẹ tiẹ̀. Mo pariwo, mo gbá abọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́.

“Màámi, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ o!”

“Ta ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fún ọ?”

“Kò sẹ́nì kankan. Èmi nìkan ni mo ń gbé.”

Kò sóhun tó ṣe wá. A gbá àfọ́kù náà, a jẹ ìyókù pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn kò kúrò létí mi. Bí àìsàn bá kì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ta ni yóò mọ̀?

Ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Rùkáyà lọ sí Èkó ni, kí ó lè wọ bàálù padà sí Japan. Orí bẹ́ńṣì oníbúrẹ́dì ní gáréèjì ni mo jókòó kọ èyí. Bàbá, lọ́jọ́ tí ẹ fi mí sínú ọkọ̀ Ìlọrin pé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ ń rẹ́rìn-ín sí mi títí ọkọ̀ fi ṣí. Nígbà tí ẹ kò rí ọkọ̀ wa mọ́, kí lẹ ṣe? Ṣé ẹ̀rù bà yín? Báwo lẹ ṣe rìn délé?

Èmi ọmọ yín,
tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.