Ẹni Tó Kan Ilẹ̀kùn Lẹ́ẹ̀kan

Oko Hvammur,
Áísílándì.

Álfrún ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé òtútù Reykjavík ò fìtínà rẹ? Èmi wà láàyè, àwọn àgùntàn náà wà, a dúpẹ́.

O ní kí n sọ ohun tó yẹ kí àwọn àlejò tí o fẹ́ máa mú káàkiri ilẹ̀ wa mọ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n wọ aṣọ onírun àgùntàn, kí wọ́n sì di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú dáadáa kí ẹ̀fúùfù má baà fà á ya. Kí wọ́n má fi òkúta ṣeré o! Òkúta tí a tò jọ lórí òkè ló ń fọ̀nà hàn wá nínú kùrukùru. Èyí tí àlejò kan tò síbi tí kò yẹ ló ṣi bàbá rẹ lọ́nà lọ́jọ́ tó lọ kó àgùntàn bọ̀. A ò tíì rí òkú rẹ̀ dòní.

Kọ́ wọn bí a ṣe ń kanlẹ̀kùn pẹ̀lú. Alààyè a máa kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, òkú ni, a kì í ṣí i fún un. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti sọnù, bí kùrukùru bá ti bolẹ̀, wọ́n á kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀kan. Hjalti àbúrò bàbá rẹ á ní, "Ìyàwó wa, atẹ́gùn ni jàre. Àbí o ti ń ṣarán ni?" Ẹ̀rù ń bà mí, Álfrún. Mi ò ní purọ́ fún ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó tún kàn: gbì! Inú bí mi. Mo pariwo látinú ilé pé, "Bàbá Álfrún, ó tó gẹ́ẹ́! Padà síbi tí o ti wá, jẹ́ kí n rímú mí!" Ajá wa ò yéé gbó, ó ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn. Mo bá fìbínú ṣí i, kí n lè bú u lójú ara rẹ̀. Ọmọbìnrin àlejò kan ni mo rí tó nà gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín ti bo irun rẹ̀.

Mo fi kúbùsù wé e, mo fún un lómi ọbẹ̀ gbígbóná títí ó fi lè sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta là ń kanlẹ̀kùn níbí! Díẹ̀ ló kù kí o kú sí mi lọ́rùn." Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Èmi kọ́ ni mo kàn án, ọwọ́ mi ti kú. Bàbá tó mú mi sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè ló bá mi kàn án. Nígbà tí ẹ pariwo, ó dorí kodò, ó sì padà lọ."

Látọjọ́ náà, kùrukùru ń bolẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn mọ́. Bàbá rẹ tí kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu nígbà ayé rẹ̀, èyí ló wá gbọ́.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lọ́nà. Iye àlejò tí o bá mú jáde, wàá mú wọn délé.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Steinvör.

Àfikún: Hjalti ní kí n ti ilẹ̀kùn tí mo ń ṣí sílẹ̀ bí kùrukùru bá ti bolẹ̀, pé yìnyín ti ń wọ pálọ̀. Mo ní kó lọ wọ kóòtù.