Tí Ẹ Bá Tún Gba Òrò Kọjá, Má Sùn

Sí Bìlíkísù Àṣàbí, ọmọ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé ara le? Ọkọ rẹ Kálílù ń kọ́? Tírélà ń kọ́? Mo ní kí n béèrè tírélà náà, torí mo gbọ́ pé inú rẹ̀ lẹ ń gbé ju ilé tẹ́ ẹ sanwó rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ, ó sì yẹ kí èèyàn kí ilé pẹ̀lú onílé. Táyà yín ò ní bẹ́, bíréèkì yín ò ní já, òkè tẹ́ ẹ bá gùn ẹ ò ní fi ẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó máa lọ ẹ ó máa bọ̀, simẹ́ǹtì tí ẹ ń kó ò ní di ti ibojì yín. Dáhùn àmín, má kàn máa kà á lọ.

Ilé dára. Ògiri ìdáná tó ti ń ṣe bí ẹni fẹ́ wó láti ọdún tó kọjá ti wó wàyí, ọkàn wa sì ti balẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ bímọ, abo ni méjèèjì, mo ń tọ́jú wọn dè ọ́. Ìyá Shakiru ará ilé kejì ò yéé sọ̀rọ̀ rẹ ní mọ́ṣáláṣí, ó ní òun ò rí i rí kí obìnrin kàwé jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Òrò wa níbí, kó wá lọ máa wa tírélà simẹ́ǹtì. Mo ní òun náà ò rí ẹ̀yìn ìwé rí, kí ló dé tí kò sọ ìyẹn. A ò tíì kí ara wa látọjọ́ náà, àmọ́ bí mo bá sín ó máa ń ṣe mí ní pẹ̀lẹ́ láti ẹ̀yìn ògiri.

Mo ti ṣàlàyé fún gbogbo wọn pé o wá iṣẹ́ tíṣà títí o ò rí, pé iṣẹ́ ọkọ̀ ni ọkọ rẹ bá láyé, pé ilé iṣẹ́ ló sọ pé tọkọtaya tó bá lè jọ máa wa ọkọ̀ kan, àwọn á gbé tírélà fún wọn, ni Kálílù bá kọ́ ọ títí o fi gba láísẹ́ǹsì. Kí ló burú níbẹ̀? Ẹ ò jalè, ẹ ò lu jìbìtì. Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lóru, mi ò kì í lè sùn. Ìyẹn ò kàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tó o sọ ránṣẹ́ sínú fóònù Lubabah, aránṣọ iwájú ilé wa, dé o. Mo gbọ́ ohùn rẹ, mo sì dáhùn lójú ẹsẹ̀, ìwọ lo ò dúró gbọ́. Bí mo ṣe ń sọ pé a wà dáadáa ni ìwọ náà ń sọ tìẹ lọ, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lubabah ní kí n máa gbọ́ ná, pé o ò sí níbẹ̀. Mo ní bó ò bá sí níbẹ̀, ta ló wá ń pè mí ní Màámi? Tí mo bá ti kírun àsùbáà tán báyìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ, kó tún gbé ọ jáde fún mi. Ọ̀rọ̀ kan náà lo sì ń sọ lójoojúmọ́. Láná mo sọ fún Lubabah pé ara ọmọ yìí ò yá, ó yẹ kó ti ní ìròyìn mìíràn. Ibi tó o ti ní àárò mi ń sọ ọ́, mi ò kì í lè dáhùn ibẹ̀. Ó ní kí èmi náà sọ tèmi sínú rẹ̀, ojú wá ń tì mí láti máa bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ níṣojú àwọn tó wá wọn aṣọ, ìdí tí mo fi gbé bírò nìyẹn.

Wàyí o, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo sá láfún sétí títì níbi tí gbogbo wa ń sá a sí, torí ọ̀dà máa ń gbóná, láfún á sì tètè gbẹ. O ti sọ fún mi pé àwọ̀ ewé ni orí tírélà yín. Láti ìgbà tí o ti sọ ọ́ ni mo ti ń juwọ́ sí gbogbo tírélà aláwọ̀ ewé tó bá ti ọ̀nà Ọmù-Àrán bọ̀. Àwọn awakọ̀ ti mọ̀ mí, àwọn kan tilẹ̀ máa ń ju owó sílẹ̀ fún mi, wọ́n ṣe bí alágbe ni mí. Mo máa ń mú un ṣá. Àmọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, ojú Kálílù ni mo rí nínú rẹ̀.

Òun náà rí mi. Ó fọn fèrè, ó tún fọn ọn, ó tẹ orí ba lórí sítíárì, ó rọra gun bọ́ǹpù, ó sì ń lọ. Làhílà! Àna mi! Ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lọ́jọ́ yìgì, tí wọ́n ní kó dìde tó ní òun ò dìde, òun ló jókòó sókè tó ga ju òrùlé mi lọ, tó ń fi fèrè kí mi bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò lọ́nà. Síbẹ̀, ìyẹn ò dùn mí tó èyí tó kù. Àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Mo wò ó dáadáa, o ò sí níbẹ̀. Mo sáré tẹ̀lé e, orí láfún ara mi ni mo gbà kọjá, mo ń pariwo pé ọmọ mi dà, ọmọ mi dà. Ó ti lọ.

Mi ò padà sílé. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Àrán-Ọ̀rin, ó di ilé Bàbá Bùkárì, bàbá ọkọ rẹ. O mọ̀ pé ìyá ìyàwó kì í ṣàdédé yọ sílé àna, láìmú ẹnikẹ́ni lọ, láìgbé nǹkan dání. Èmi lọ tèmi ti láfún lẹ́sẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, mo ní mi ò wọlé, mi ò sì ní mu omi wọn, àfi bí wọ́n bá fi ọmọ mi hàn mí. Wọ́n gbé omi wá. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mi ò mu ún. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò mu omi, ọ̀rọ̀ di ńlá, àwọn àgbà ilé jáde, wọ́n rò pé mo wá tú yìgì ni. Ìyá ọkọ rẹ bú sẹ́kún, ó ní kí ni ọmọ òun fi ṣe ọ́. Èmi náà bú sẹ́kún. A jọ ń sunkún, kò sí ẹni tó mọ ohun tí èkejì ń sunkún sí.

Ìgbà tí Bàbá Bùkárì ti oko dé ló tó yanjú. Ó ní kí ni mo rí gan-an, mo sọ fún un. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn àga awakọ̀, tí wọ́n fi kọ́tìnnì bò? Ó ní bí iṣẹ́ yín ṣe rí nìyẹn, tí ọ̀kan bá ń wa ọkọ̀, èkejì á máa sùn, kí ọkọ̀ má baà dúró, pé ẹ̀yìn Kálílù níbẹ̀ yẹn ni o sùn sí. Ojú tì mí. Mo mu omi náà, mo mu ún tán, mo ní kí wọ́n bu òmíràn wá. Mo wá béèrè pé bí ọkọ bá jí tí ìyàwó sùn, tí ìyàwó jí tí ọkọ sùn, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ fún mi lọ́mọ ọmọ? Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Mi ò fi í sílẹ̀ o, mo kàn dákẹ́ ni.

Mo ní kí ló wá dé tí àna mi ò lè dúró, kó sọ̀ kalẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ? Ó ní ilé iṣẹ́ fi táráká sínú ọkọ̀, pé bí ẹ bá dúró níbi tí wọn ò fọwọ́ sí, kí ẹsẹ̀ yín tó kan ilẹ̀, táráká á ti sọ fún ọ̀gá ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìlọrin nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí ní agbègbè wa. Inú bí mi sí táráká yìí gan-an. Mo béèrè bóyá ó níyàwó. Bàbá Bùkárì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, mo sì mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Bìlíkísù, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, ẹ̀yin méjì lẹ ń pín in, níbo ni táráká ń sùn? Ṣé kì í yọjú wo inú kọ́tìnnì? Máa bo ara rẹ dáadáa. Àmọ́ mi ò ní bá a jà, ọmọ ẹlòmíràn lòun náà, iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Mo di wàrà díndín àti kúlíkúlí fún yín sọ́wọ́ ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá, ti táráká ni èyí tó wà nínú ọ̀rá dúdú. Ẹ fún un, kí ẹ sọ fún un pé ìyá kan wà ní Òrò tí kò rí ọmọ rẹ̀. Bí òun náà bá ní ìyá, á yé e.

Mo ní kí n lọ dúró dè yín ní Ìlọrin, Bàbá Bùkárì ní kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n á kó ẹrù fún yín, pé màá dúró títí di ará ibẹ̀ ni. Ó ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò tíì kan yín láti gba ìsinmi. Mo gbà. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ògiri ìdáná, kí o sì fi ti láfún lé e, torí ọ̀rọ̀ rẹ ni mo fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Má fi gba báǹkì, ẹ̀rọ wọn tó wà ní Ọmù-Àrán gbé káàdì mi mì nígbà tí mo ṣì ń kí i lọ́wọ́. Bí kò bá sì sí owó, mi ò ní bínú, torí ohun tí mo fẹ́ gan-an kì í ṣe owó. Tí ẹ bá tún ń bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ̀, bẹ ọkọ rẹ kí ìwọ gba sítíárì, kó jẹ́ ìwọ lo máa wa ọkọ̀ gba Òrò kọjá. Mi ò ní kí ẹ dúró. Tí o bá dé bọ́ǹpù, rọra gùn ún, kí o yíjú sí mi. Àtìgbà Iléyá èṣín ni mi ò ti rí ọ. Tí mo bá dijú báyìí, ojú rẹ nígbà tó o ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ló ń wá, ti ìsinsìnyí ò wá mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ìyẹn.

Ọlọ́hun á ṣọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀, á ṣọ́ ẹni tó ń sùn. Ẹ ò ní jọ sùn pọ̀ lójú ọ̀nà láé. Bí ẹ bá sì délé, Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ jọ sùn, kí ẹ jọ jí, kí ẹkún ọmọ tuntun máa jí yín.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ọ́ nígbà tí ẹ bá máa dé ọ̀dọ̀ wa, sùn, Àṣàbí. Má tìtorí mi fi oorun du ara rẹ. Kí Kálílù ṣáà ká kọ́tìnnì yẹn sókè díẹ̀, kó jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ nìkan ló hàn. Mo mọ ẹsẹ̀ ọmọ mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Jàrátù, ní Òrò.